Òróró Kí Òtútù Tó Dé: Ẹ̀kọ́ lórí Ìdáàbòbò Kírísítálì Purotéènì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà lórí òkè ilé-ẹ̀kọ́ wa lónìí, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, àti gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń jẹ́ ọmọ Christ's School, Adó-Èkìtì, Ọlọ́run tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọdún 1933 láti ọwọ́ Archdeacon Henry Dallimore kò fi wá sílẹ̀ títí di òní. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni ọ̀pọ̀ yóò máa retí lọ́wọ́ àlùfáà, pàápàá àlùfáà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lórí òkè yìí kí ìpè Ọlọ́run tó dé bá mi, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo sì gbé wá lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibà Lassa pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ tí mo ń ṣe olùṣọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n wọ aṣọ ìdáàbòbò láti orí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n sin ín. Ìyá rẹ̀ kò lè fọwọ́ kan òkú ọmọ rẹ̀. Èmi náà dúró lókèèrè, mo ń ka ìwé ìsìn fún àwọn ènìyàn tí wọ́n dúró lókèèrè bíi tèmi. Nígbà tí mo lọ bẹ ìyá náà wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ mi ì bá ti gbà ni?" Mo ní kò sí. Ó tún ní, "Kí ló dé tí kò sí?" Mi ò lè dá a lóhùn.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni mo lọ kí ọmọ àbúrò mi obìnrin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ọmọ náà ni láti máa wo bí àwọn purotéènì inú kòkòrò àrùn ṣe rí. Mo gbé ìbéèrè ìyá náà ka iwájú rẹ̀. Ó mú mi lọ sí yàrá ìwádìí tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó fi ohun kan tí ó kéré ju hóró iyọ̀ lọ hàn mí lábẹ́ màíkírósíkóòpù, ó ní, "Bàbá, inú irú nǹkan báyìí ni apá kan èsì náà wà, bí yìnyín kò bá bà á jẹ́." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Kí ni kírísítálì?

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ìfihàn ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé, níbi tí a ti fi kírísítálì ṣàpèjúwe ohun tí ó mọ́ gaara. Lójú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kírísítálì ni ohunkóhun tí àwọn ẹyọ kéékèèké inú rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ní ìlànà kan náà, láti ìkangun kan dé ìkejì. Hóró iyọ̀ jẹ́ kírísítálì. Hóró ṣúgà jẹ́ kírísítálì. Àwọn ohun tí ń dán yinrin lára àpáta Olósùnta ní Ìkéré nígbà tí oòrùn bá ta sí i, kírísítálì ni wọ́n pẹ̀lú.

Ẹ ronú sí bí ẹ ti ń tò ní òwúrọ̀ kí ẹ tó wọ kíláàsì. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá dúró lórí òkè wa tí ó ń kọrin, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ nínú ìlú kò ní gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ bá tò, tí wọ́n kọjú sí ibì kan náà, tí wọ́n sì kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn yóò sọ̀kalẹ̀ dé ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú purotéènì. Ẹyọ kan ṣoṣo kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìtànṣán X-ray tí ó bá bà á tí ó sì yà kò lágbára tí a lè fi mọ ohunkóhun. Nígbà tí àìmọye ẹyọ bá tò nínú kírísítálì, àwọn ìtànṣán tí wọ́n yà kúrò lára wọn yóò pa ohùn pọ̀, wọn yóò sì di àmì tó-tò-tó tí ó hàn kedere. Láti inú àwọn àmì wọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò ibi tí átọ́mù kọ̀ọ̀kan wà.

Nígbà tí a bá dárúkọ purotéènì, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n purotéènì ni ó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa, òun ni ó ń da oúnjẹ nínú ikùn, òun sì ni kọ́kọ́rọ́ tí kòkòrò àrùn fi ń ṣí ilẹ̀kùn ara wa wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rọ àgádágodo tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí kọ́kọ́rọ́ olè ṣe rí. Inú funfun ẹyin adìẹ ni a ti ń rí lysozyme, purotéènì tí David Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi X-ray mọ ìrísí rẹ̀ ní ọdún 1965.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kírísítálì iyọ̀ àti ti purotéènì. Iyọ̀ le. Kírísítálì purotéènì rọ̀, nítorí pé bí ìdajì rẹ̀ ni omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ìdámẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé ni mo lè fi wé: ó dúró, ó ní ìrísí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá le díẹ̀, ó fọ́. Omi inú rẹ̀ ni ó gbé ìtò náà ró. Bí omi bá gbẹ, ìtò tú ká.

Ìdí tí a fi ń gbé e sínú òtútù

Ní ọdún 1934, ní Cambridge, J. D. Bernal àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Dorothy Crowfoot fi X-ray wo kírísítálì pepsin, purotéènì tí ń da ẹran nínú ikùn. Wọ́n rí i pé èyí tí ó ti gbẹ kò fi àmì tí ó ní láárí hàn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tọ́jú pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú ọ̀pá dígí tínrín fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì hàn. Obìnrin náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Dorothy Hodgkin lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀. Ní Gánà nítòsí wa níbí ni ó wà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìròyìn dé ní ọdún 1964 pé òun ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ kẹ́místírì.

Omi dáàbò bo kírísítálì lọ́wọ́ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ewu mìíràn kù. Ìtànṣán X-ray tí a fi ń wò ó ni ó tún ń pa á. Ó ń fọ́ omi inú rẹ̀ sí àwọn èérún tí ń ṣe ìjàǹbá. Àwọn èérún náà á máa rìn kiri, wọn á sì máa já ìdè purotéènì níbikíbi tí wọ́n bá dé. Nínú ooru yàrá lásán, kírísítálì lè kú kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Bí a bá mú un tutù dé nǹkan bí −173 °C, ẹsẹ̀ àwọn èérún náà á di mọ́lẹ̀, kírísítálì yóò sì pẹ́ púpọ̀ sí i níwájú ìtànṣán. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ri kírísítálì bọ náítírójìn olómi. Náítírójìn yìí ń hó ní −196 °C. Mo fi ojú ara mi rí i bí ó ti ń hó bí omi inú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tutù ju ohunkóhun tí a mọ̀ ní Èkìtì lọ.

Ní àwọn ọdún 1980, Ada Yonath, ọmọ Ísírẹ́lì, ń ṣe ìwádìí lórí ribosome, èyí tí í ṣe ibi tí ara ti ń hun purotéènì. Àwọn kírísítálì rẹ̀ ń kú ní kíákíá níwájú X-ray. Òun àti Håkon Hope, ọmọ Norway tí ń ṣiṣẹ́ ní California, gbé wọn sínú òtútù líle yìí, ọ̀nà sì là. Ní ọdún 2009, Yonath wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà.

Yìnyín ni ọ̀tá

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọkàn bá mi lọ lè béèrè pé: bí bí ìdajì kírísítálì bá jẹ́ omi, ṣé omi náà kò ní di yìnyín? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti gbàgbé ìgò tí omi kún dé ẹnu sínú fírísà mọ ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí omi bá di yìnyín, ó ń wú ní bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgò á là. Ẹ fi tòmátì tútù sínú fírísà di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yọ́: yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, omi yóò máa ro lára rẹ̀, nítorí pé yìnyín ti gún inú rẹ̀ wó. Bí ó ti ń ṣe tòmátì náà ni ó ń ṣe kírísítálì purotéènì.

Ẹ padà sí àpèjúwe wa. Yìnyín náà jẹ́ kírísítálì: omi ni ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ìtò méjì kò sì lè wáyé lórí pápá kan náà. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò, yóò ti purotéènì dà nù. Ṣùgbọ́n bí a bá mú omi tutù lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí àyè tò, yóò dúró gan-an níbi tí ó wà, bí ìgbà tí agogo lù tí wọ́n sì ní kí olúkúlùkù ọmọ má ṣe gbé ẹsẹ̀ mọ́. Omi bẹ́ẹ̀ yóò le, ṣùgbọ́n kò ní di yìnyín. Yóò dà bí dígí, yóò mọ́ gaara, kò sì ní wú bí yìnyín ti ń wú. Kírísítálì tí ó wà nínú dígí yìí yóò wà láìfarapa.

Nítorí náà, òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá wa. Yìnyín ni. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ kọ́ yín wà nínú pé kí a gba inú òtútù kọjá láìjẹ́ kí yìnyín dá sílẹ̀.

Bí a ṣe ń dáàbò bò ó

Omi nìkan ṣòro láti sọ di dígí, àfi bí a bá mú un tutù ní ìyára tí ó kọjá àlà. Ṣùgbọ́n bí ohun mìíràn bá dà pọ̀ mọ́ ọn tí kò jẹ́ kí ó rọrùn fún un láti tò, iṣẹ́ náà yóò rọrùn. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni gílísárìn. Bẹ́ẹ̀ ni, gílísárìn kan náà tí àwọn ìyá wa ń fi pa wá lẹ́nu nígbà ọyẹ́ kí ètè wa má baà là! Ṣúgà pàápàá wúlò, bákan náà ni àwọn òróró kan. Ìgbésẹ̀ náà nìyí:

1. Dán omi náà wò kí o tó fi kírísítálì sí i. Fi ojóbó okùn tínrín bu ẹ̀kán kan nínú omi tí o ti po mọ́ gílísárìn, kí o sì rì í bọ náítírójìn. Bí ó bá mọ́ bí dígí, ó tó. Bí ó bá funfun bí wàrà, yìnyín ti wà nínú rẹ̀; fi gílísárìn kún un. Ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n kírísítálì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

2. Omi tí ó ti gbé kírísítálì dàgbà ni kí o fi po gílísárìn náà. Má ṣe gbé e sínú omi àjèjì. Bí iyọ̀ tàbí èròjà mìíràn inú omi rẹ̀ bá dín kù, ó lè yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

3. Ní ẹ̀sọ̀ ni kí o gbé e wọlé. Kọ́kọ́ gbé e sínú èyí tí gílísárìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 15, títí yóò fi dé ibi tí ó yẹ.

4. Bí ó bá kọ gílísárìn, wá ohun mìíràn. Ní ọdún 1988 ni Håkon Hope kọ̀wé lórí ọ̀nà tí ó gbà ń lo òróró: a ó yí kírísítálì nínú òróró títí omi tí ó yí i ká yóò fi kúrò, òróró yóò sì bò ó bí aṣọ. Omi díẹ̀ tí ó kù nínú rẹ̀ há sí àyè tóóró, kì í sì í yára di yìnyín.

5. Nígbà tí àkókò bá tó, má ṣe lọ́ra. Fi ojóbó gbé e, kí o sì rì í bọ náítírójìn lẹ́ẹ̀kan. Ìpele afẹ́fẹ́ tútù kan wà lókè náítírójìn náà. Bí kírísítálì bá pẹ́ níbẹ̀, yóò tutù díẹ̀díẹ̀, yìnyín yóò sì rí àyè. Àwọn ọlọ́gbọ́n a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ náà kúrò kí wọ́n tó rì í bọ̀ ọ́. Kírísítálì kékeré pẹ̀lú omi díẹ̀ lára rẹ̀ ń tutù kíá ju ńlá lọ.

6. Lẹ́yìn èyí, má ṣe jẹ́ kí ó móoru mọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, irú èyí tí a ní ní Adó nígbà òjò, yóò di yìnyín sí i lára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí yìnyín bá ti wọ̀ ọ́, àwòrán X-ray rẹ̀ yóò fi hàn: dípò àmì tó-tò-tó nìkan, òrùka bíríkítí yóò yọ lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n a máa dá irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ padà sínú omi gílísárìn rẹ̀, wọn a sì tún un gbé sínú òtútù. Ó máa ń san fún òmíràn. Òmíràn á kú pátápátá.

Ọmọ àbúrò mi sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi láìfi bò. Oṣù méje ni ó fi wá kírísítálì kan. Nígbà tí ó rí i, ayọ̀ mú kí ó kánjú. Ó mọ̀ pé gílísárìn ni ó yẹ, ó sì mọ iye tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ó fò kọjá àwọn ìgbésẹ̀ kéékèèké, ó gbé e sínú èyí tí ó le jù lẹ́ẹ̀kan náà. Gílísárìn fa omi inú kírísítálì náà jáde lójijì, ó sì là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú rẹ̀ bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò tíì dé inú òtútù rárá. Ohun tí ó fẹ́ fi dáàbò bò ó gan-an ni ó pa á. Ó ní òun jókòó, òun sì sunkún. Lẹ́yìn náà ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó fi oṣù mẹ́rin mìíràn wá òmíràn, ó sì gbé èyí wọlé ní ẹ̀sọ̀. Èyí yè. Àwọn àgbà kò purọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Mo ti sọ pé ìbéèrè ìyá kan ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a padà sí i.

Ní ọdún 1969 ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibà Lassa, láti ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa. Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ní ilé ìwòsàn ìjọ tí ó wà níbẹ̀, ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, kó àrùn náà, òun náà kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ṣàìsàn pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, Ọlọ́run sì dá a sí. Nígbà tí Jordi Casals, onímọ̀ ní Yunifásítì Yale tí ń wo kòkòrò náà, tún kó o, omi ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè. Inú omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti ṣẹ́gun àrùn ni èròjà tí ó fi gbógun tì í wà.

Kọ́kọ́rọ́ tí kòkòrò Lassa fi ń wọ inú ara wa jẹ́ purotéènì kan tí ó yọ síta lára rẹ̀. Kathryn Hastie, nínú ẹgbẹ́ ìwádìí Erica Ollmann Saphire ní La Jolla ní California, lo bí ọdún mẹ́wàá lórí rẹ̀. Purotéènì náà a máa tú ká mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ó tó tò. Wọ́n fi ìdè kan kún un tí ó so àwọn apá rẹ̀ pọ̀. Wọ́n sì mú èròjà agbógun-tàrùn tí ó wá láti ara ẹnì kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ibà Lassa mú tí ó sì yè, wọ́n jẹ́ kí ó di purotéènì náà mú ṣinṣin. Nígbà náà ni wọ́n rí kírísítálì tí wọ́n ń wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ó hàn pé ẹyọ mẹ́ta ni ó dúró pa pọ̀ bí ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹyọ méjì ti fara kan ara wọn, ni èròjà ẹni tí ó yè náà ti so wọ́n mọ́ra, tí kọ́kọ́rọ́ náà kò fi lè yí.

Nígbà tí mo padà délé, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Mo sọ fún un pé títí di ìsinsìnyí kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún ibà Lassa. Mo sọ fún un pé ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á ni pé kọ́kọ́rọ́ náà gẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú ènìyàn tó rí i, ṣùgbọ́n a ti rí i báyìí, àwọn ènìyàn sì ti ń rọ àgádágodo. Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà tí ó yè ni ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú kí a lè rí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó tètè dé fún ọmọ ẹlòmíràn."

Ẹ̀yin àbúrò mi, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà? Ọ̀wọ̀, tí ibà Lassa ti ń jà lọ́dọọdún, kò jìnnà sí wa. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń tan X-ray tí ó lágbára jù lọ ni wọ́n ń pè ní synchrotron. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà títí di òní. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n òtútù yìí gan-an ni ó sọ ìjìnnà náà di kékeré. Kírísítálì tí a ti dáàbò bò dáadáa lè wà nínú àpótí náítírójìn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà láìfarapa. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè ní ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ní ọdún 2016, ní Dschang ní orílẹ̀-èdè Cameroon, àwọn onímọ̀ kírísítálì láti ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àpérò gbogbo-gbòò wọn àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ òkè wa wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ kò nílò náítírójìn láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ife oníke mẹ́ta. Omi lásán ni kí ẹ bù sínú èkínní. Ẹ po ṣúgà púpọ̀ mọ́ omi èkejì. Ẹ po omi àti gílísárìn ní ìdọ́gba sínú ẹ̀kẹta. Ẹ má ṣe kún wọn dé ẹnu. Ẹ kó wọn sínú fírísà di ọjọ́ kejì, bí iná bá wà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: èwo ni ó le tí ó sì wú? Èwo ni ó rọ̀? Èwo ni ó ṣì ń ṣàn? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún olùkọ́ yín.

Fún ilé, ohun kan wà tí kò gba ìwádìí kankan. Eku ni ó ń gbé kòkòrò Lassa kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì fi ń ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ máa bo gaàrí àti èlùbọ́ yín nínú ohun èlò tí ó ní ìdérí. Ẹ má ṣe sá wọn sí etí ọ̀nà níbi tí eku ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí a tó rí àgádágodo tuntun, ẹ jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn tí ó wà níkàáwọ́ wa.

Fún àṣàrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín omi tí ó di yìnyín àti omi tí ó dà bí dígí?
2. Kí ló dé tí gílísárìn tí ń dáàbò boni fi pa kírísítálì àkọ́kọ́ ti ọmọ àbúrò mi?
3. Kí ló dé tí a fi ń dán omi wò láìsí kírísítálì nínú rẹ̀?
4. Àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú ìwé Mátíù 25 gbọ́ igbe kan náà ní ọ̀gànjọ́ òru kan náà. Nígbà wo ni àwọn márùn-ún tí wọ́n gbọ́n ra òróró tiwọn?

Ìbéèrè kẹrin yìí ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ti retí ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́wọ́ mi. Wákàtí òtútù kò gùn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni kírísítálì ń wọ inú náítírójìn, kò sì sí ohun tí a tún lè fi kún un níbẹ̀. Ohun tí a ti fi sí i lára, ní ẹ̀sọ̀, kí wákàtí náà tó dé, ni yóò gbé e là á já. Ọdún díẹ̀ tí ẹ ń lò lórí òkè yìí jẹ́ irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ yín fi òróró kún un fún yín díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì bínú sí wọn bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ kánjú.

Kí Olúwa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Kí ó tu ìyá náà nínú, àti gbogbo ẹni tí ó ti sin ọmọ láìfọwọ́ kàn án. Kí ó sì gbé ẹnì kan dìde láàárín yín tí yóò dá wọn lóhùn. Àmín.